Imú Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n Afẹ́fẹ́ Tí Ń Pani

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Mákúrídì tàbí ní Pọ́tákọ́ọ̀tù. Bí oníṣòwò ṣe ń kó èrè jọ díẹ̀díẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń ka ọdún tí ó kù kí ó fẹ̀yìn tì, ìrètí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò fi ẹsẹ̀ ara òun rìn wọ ìlú òun. Ṣùgbọ́n léraléra ni àwọn ìwé ìròyìn ń gbé irú ìròyìn kan náà jáde: ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn ilé kan kò ṣí, àwọn aládùúgbò kanlẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Nígbà tí wọ́n jálẹ̀kùn wọlé, wọ́n bá bàbá, ìyá àti ọmọ lórí ibùsùn bí ẹni tí ó ń sùn. Kò sí ọgbẹ́ lára wọn, kò sì sí ohun kan tí ó sọnù nínú ilé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí nínú ilé ìdáná, epo inú rẹ̀ sì ti jó tán.

Lẹ́yìn èyí ni ẹnu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọ̀rọ̀ náà. Ẹnìkan yóò ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ẹlòmíràn yóò ní oúnjẹ alẹ́ ni ó ní májèlé nínú. Ẹ̀kẹta yóò mi orí, yóò ní bí wọ́n ṣe yàn án láti ọ̀run nìyẹn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ yóò dáwó jọ, wọn yóò gbé òkú lọ sílé, ẹkún yóò sì gba ìlú kan ní Ọ̀ṣun tàbí ní Kwárà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ayálégbé tí ó wà ní yàrá kejì yóò fa okùn jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì sùn.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé èéfín kò dára fún ara. Ohun tí ó ń pa ènìyàn ni pé òṣùwọ̀n tí kò péye ni wọ́n fi ń díwọ̀n ewu. Imú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí kò bá rùn, bí kò bá ta ojú, bí kò bá mú ni húkọ́, wọ́n gbà pé kò sí ewu. Afẹ́fẹ́ tí ń sé ènìyàn léèémí kò sì bá imú ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí.

BÍ AFẸ́FẸ́ ṢE Ń SÉ ÈNÌYÀN LÉÈÉMÍ

Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń mí, ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn tí ó gbé ẹ̀mí ró. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù ni náítrójìn, tí kò ṣe ara ní ibi, tí kò sì ṣe é ní oore. Bí ọ́síjìn náà bá lọ sílẹ̀ ju ìdá 19.5 lọ, òfin iṣẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbà pé kí òṣìṣẹ́ wọ ibẹ̀ láìsí ẹ̀rọ ìmí. Bí ó bá sún mọ́ ìdá 10, ènìyàn lè dákú. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju ìdá 6 lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó kù kí ẹ̀mí bọ́.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni pé ara kì í fi bẹ́ẹ̀ ké gbàjarè nígbà tí ọ́síjìn bá ń dínkù. Bí omi bá mu ènìyàn, tàbí tí nǹkan fún un ní ọrùn, yóò jà fitafita nítorí pé kábọ̀n dàyọ́kísáìdì, afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó mí jáde, ń ga lára rẹ̀. Ìgasókè yìí gan-an ni ó máa ń mú kí àyà máa fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn bá ti ń mí síta bí ó ti yẹ, tí ó kàn jẹ́ pé ọ́síjìn kò sí nínú ohun tí ó ń mí wọlé, àyà kì í fún un. Orí yóò fúyẹ́, èrò yóò dàrú, orúnkún yóò yẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró de ìgbà tí àyà yóò fún un kí ó tó sá, kò ní rí àyè sá.

Ọ̀nà méjì ni irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí ó gba àyè mọ́ ọ́síjìn lọ́wọ́. Irú èyí ni náítrójìn, gáàsì ìdáná, àti mẹ́tẹ́ènì tí ń tinú ohun jíjẹrà jáde. Kábọ̀n dàyọ́kísáìdì náà ń gba àyè, ó sì tún ní oró tirẹ̀ bí ó bá pọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ó gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ara, kí ó má sì jẹ́ kí ara rí ọ́síjìn lò. Irú èyí ni kábọ̀n mọnọ́kísáìdì tí ń tinú ẹ̀rọ àti èédú jáde, àti háídrójìn sọ́lífáìdì tí ń tinú ṣalángá àti kòtò ìdọ̀tí jáde. Ti ìṣáájú nílò kí ó pọ̀ kí ó tó pani. Ti èkejì kò nílò púpọ̀ rárá.

Gáàsì ìdáná ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí pé ó ń rùn, wọ́n rò pé gbogbo gáàsì ni ń rùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni òórùn gáàsì ìdáná kì í ṣe tirẹ̀; àwọn tí ó ń pèsè rẹ̀ ni wọ́n fi èròjà olóòórùn sí i kí ènìyàn lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Kábọ̀n mọnọ́kísáìdì kò rí ẹni tí yóò bá a fi òórùn sí i. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ta ojú.

JẸNẸRÉTỌ̀ ÀTI ÈÉDÚ

Nínú ẹ̀jẹ̀, èròjà pupa kan ni ó ń gbé ọ́síjìn kiri gbogbo ara bí alárù ti ń gbé ẹrù ní ọjà. Kábọ̀n mọnọ́kísáìdì lè so mọ́ alárù yìí ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ti lè so mọ́ ọn. Nítorí náà, bí díẹ̀ rẹ̀ bá ti wọlé, yóò gba orí alárù lọ́wọ́ ọ́síjìn, kò sì ní tètè sọ̀. Ọ́síjìn lè kún inú yàrá bámúbámú, kí ọpọlọ àti ọkàn má rí i lò.

Iye tí ó ń ṣe èyí kò pọ̀ lójú. Bí ó bá jẹ́ ìpín 200 nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́, orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ènìyàn láàárín wákàtí 2 sí 3. Bí ó bá di 800, òòyì àti èébì yóò dé láàárín ìṣẹ́jú 45, ènìyàn sì lè dákú kí wákàtí 2 tó pé. Bí ó bá di 1,600, wákàtí kan sí méjì ti tó láti pa á. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé yàrá kan tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́ta-mẹ́ta. Lítà 27,000 afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Lítà 43 péré kábọ̀n mọnọ́kísáìdì ti tó láti sọ afẹ́fẹ́ yàrá náà di 1,600. Lítà 43 kò kún kẹ́ẹ̀gì méjì tí a fi ń pọn omi. Àwọn aláṣẹ ìlú Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ààbò ohun èlò inú ilé sì ti fi hàn pé jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo lè tú afẹ́fẹ́ yìí jáde tó ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ta ni yóò gbé ọgọ́rùn-ún mọ́tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó dáná sí gbogbo wọn, kí ó wá lọ sùn?

Èédú kò sàn jù ú lọ. Àwọn tí ó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì mọ bí òtútù ti ń rí ní oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Àwọn ará Kánò àti Màídúgùrì náà kò ṣàì mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú ènìyàn rí. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó máa ń gbé àdògán èédú wọ yàrá nítorí ọmọ tuntun. Wọn a dúró ní ìta títí èéfín yóò fi lọ, tí èédú yóò pọ́n dòdò, kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí wọ́n gbà pé èéfín ni ewu. Ṣùgbọ́n èédú tí kò rú èéfín mọ́ kò tíì dáwọ́ kábọ̀n mọnọ́kísáìdì dúró. Ìtọ́jú tí ìyá rò pé òun ń ṣe fún ọmọ ni ó lè gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Aboyún ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún máa ń di afẹ́fẹ́ yìí mú ju ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

Àmì rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ni orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ibà ni gbogbo ènìyàn ń pe irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Wọn a ra oògùn ibà lò, wọn a tún padà sínú yàrá náà lọ sinmi. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò ṣòro láti mọ̀. Ibà kì í sábà dá gbogbo ará ilé dùbúlẹ̀ ní wákàtí kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í fúyẹ́ nítorí pé ènìyàn jáde sí gbangba. Bí orí bá ń fọ́ tọkọtaya àti ọmọ pọ̀ ní alẹ́, tí ara wọn sì yá ní kété tí wọ́n dé ìta, ẹ̀rọ tàbí èédú ni kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí, kí wọ́n má ṣe sáré lọ sí ilé oògùn nìkan.

KÀNGA ÀTI ÀÁNÚ TÍ Ń PANI

Nínú kànga ni òṣùwọ̀n imú ti ń kùnà jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní ìdálẹ̀ ni ó ti kọ́ ilé, tí wọ́n sì gbẹ́ kànga àti ṣalángá sí àgbàlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà, wọn a pe ẹni tí yóò wọ inú kànga lọ kó ẹrẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọn a sọ ẹ̀rọ afami tí ń mu pẹtiróò kalẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó lè fa omi ìdí kànga. Ohun tí wọ́n ṣe yìí kò yàtọ̀ sí kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ìgò kí wọ́n sì sọ ènìyàn sínú ìgò náà. Bí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, kábọ̀n dàyọ́kísáìdì wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ìdí kòtò ni ó máa ń wọ́ sí. Ibi tí ó bá sì sún mọ́ ìdọ̀tí lè ní háídrójìn sọ́lífáìdì tí ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́.

Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ yìí ni ẹ̀tàn ńlá. Bí ó bá kéré, imú ń gbọ́ ọ. Bí ó bá tó ìpín 100 nínú mílíọ̀nù kan, yóò pa imú fúnra rẹ̀ kú, ẹni náà kò sì ní gbọ́ òórùn mọ́. Yóò rò pé afẹ́fẹ́ burúkú náà ti lọ, ní àkókò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i. Imú ti di ẹlẹ́rìí èké.

Àwọn àgbà náà ní òṣùwọ̀n tiwọn: wọn a so fìtílà mọ́ okùn, wọn a sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga. Bí iná bá kú, kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn tí ó ṣe é ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí kò kún ni. Iná àbẹ́là kì í kú títí ọ́síjìn yóò fi lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 16 nínú 100, ara ènìyàn sì ti wà nínú ewu kí ó tó dé ibẹ̀. Kábọ̀n mọnọ́kísáìdì tí ó lè pa géńdé kò lè pa iná fìtílà. Bí mẹ́tẹ́ènì bá sì wà níbẹ̀, iná náà lè bú gbàmù. Fìtílà tí ó kú jẹ́ ẹ̀rí pé ikú wà níbẹ̀. Fìtílà tí ó ń jó kò jẹ́ ẹ̀rí pé ìyè wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn awakùsà èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń gbé ẹyẹ kékeré wọ inú ihò, lẹ́yìn tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ John Scott Haldane ti gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹyẹ náà a ti ṣubú kí ara ènìyàn tó mọ̀. Ọdún 1986 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ adíwọ̀n rọ́pò ẹyẹ pátápátá. Gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n ti gbà pé imú ọmọ ènìyàn kò tó.

Ohun tí ó burú jù ni pé ọ̀ràn kànga kì í sábà mọ sí orí ẹnì kan. Ẹni kìíní wọ̀ ọ́, kò dáhùn ìpè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò wọlé láti gbé e, òun náà kò jáde. Aládùúgbò kan tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún 1986 kan náà, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìwádìí lórí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ kéde pé ó ju ìdá 60 nínú 100 àwọn tí ó ń kú sínú irú ibi há-há bẹ́ẹ̀ lọ tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó wá gbani là ni. Ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ewu. Ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àánú tí kò ní okùn lọ́wọ́ kì í gba ẹnikẹ́ni là, òkú ni ó ń sọ di méjì. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọ kànga ni kí wọ́n ti de okùn mọ́ ọn láyà, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta wà lókè tí yóò fà á jáde láìwọlé. Ẹni tí kò bá sí okùn fún, kí ó má wọ̀ ọ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ NYOS

Bí ẹnìkan bá rò pé inú kòtò àti yàrá nìkan ni afẹ́fẹ́ ti lè ṣe irú èyí, kí ó wo òdìkejì ààlà ìlà-oòrùn, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, níbi tí kò jìnnà sí àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Tàràbà àti Bẹ́núè. Ní alẹ́ ọjọ́ 21, oṣù Ògún, ọdún 1986, kábọ̀n dàyọ́kísáìdì tí ó ti pọ̀ jọ sí ìsàlẹ̀ adágún omi Nyos láti ọdún pípẹ́ tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣàn bí omi sínú àfonífojì, ó sì lọ dé nǹkan bí kìlómítà 25. Àwọn tí ó kú ju 1,700 lọ, ẹran ọ̀sìn tí ó sì kú tó nǹkan bí 3,500. Ilé wọn kò jó, odi kò wó, ewéko ṣì dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ilé wọn wà ní orí òkè yè é. Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ó kú. Àwọn díẹ̀ dákú, wọ́n sì jí lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, wọ́n bá àwọn ẹbí wọn ní òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọdún méjì ṣáájú, ní 1984, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti pa ènìyàn 37 ní ẹ̀bá adágún omi Monoun ní orílẹ̀-èdè kan náà. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣe wọ́n. Lẹ́yìn ti Nyos, oríṣiríṣi àhesọ ni ó gbòde, títí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi wọn ohun tí ó wà nínú omi náà. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i: ní ọdún 2001, wọ́n ri ọ̀pá gígùn sínú adágún náà tí ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà pọ̀ jọ mọ́. Ohun tí wọ́n bá pè ní àdììtú kò ní àtúnṣe. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n ni ó ń ní àtúnṣe.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó YẸ KÍ ONÍLÉ BÈÈRÈ

Kì í ṣe gbogbo ilé ni yóò ní ẹ̀rọ adíwọ̀n afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fi ìbéèrè mẹ́rin díwọ̀n ewu láìnáwó. Èkíní: kí ni ń jó tàbí tí ń jẹrà nítòsí ibi tí ènìyàn ń mí? Èkejì: níbo ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò gbà jáde, ṣé kì í sì ṣe ojú fèrèsé ẹlòmíràn ni? Ẹ̀kẹta: ṣé ibi gegele ni àbí ibi kòtò? Ẹ̀kẹrin: wákàtí mélòó ni ènìyàn yóò lò níbẹ̀, ta ni ẹni náà, ṣé yóò sì wà lójúfò? Ẹni tí ó ń sùn, ọmọdé, aboyún àti ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, díẹ̀ ni yóò pọ̀ fún wọn. Bí ìdáhùn méjì nínú mẹ́rin bá ti burú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún dúró kí imú sọ tirẹ̀.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ìmọ̀ràn àwọn tí ó mọ̀ ni pé kí ó jìnnà sí ilé tó mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó bí ẹ̀rọ bá wà nínú ilé. Bí ẹnìkan bá sì ti dákú, gbangba ni kí wọ́n gbé e lọ, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Kì í ṣe májèlé inú ikùn ni, epo tí wọ́n sì rọ sí ẹni tí ó dákú lẹ́nu lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, nǹkan bí wákàtí 4 sí 5 ni ìdajì kábọ̀n mọnọ́kísáìdì tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ojúlówó ọ́síjìn, ó lè má ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún dókítà pé jẹnẹrétọ̀ tàbí èédú wà níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́síjìn àti kábọ̀n mọnọ́kísáìdì. Ó lè sọ pé ara pé nígbà tí ara kò pé.

OLÈ, ÒJÒ ÀTI OWÓ

Àwọn kan yóò ní ó rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Bí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìta, olè yóò gbé e. Bí òjò bá dé, yóò bà á jẹ́. Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, àgbàlá wo ni yóò gbé e sí? Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ó sì wúwo ju bí àwọn tí ó ń gbé ní ilé ńlá ti rò lọ. Àlejò ní ìlú onílùú máa ń bẹ̀rù olè ju ọmọ onílùú lọ, nítorí kò mọ ẹni tí yóò ké sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Olè lè gbé jẹnẹrétọ̀ tí ènìyàn yóò ṣiṣẹ́ ra òmíràn. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ra ọmọ.

Àtúnṣe sì wà tí kò kọjá agbára. Ayálégbé mẹ́wàá tí olúkúlùkù ní jẹnẹrétọ̀ kékeré lè pa owó pọ̀ ra ẹyọ kan, kí wọ́n ṣe àgò onírin fún un ní òpin àgbàlá, kí wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì ṣe àtíbàbà tí kò ní ògiri lé e lórí nítorí òjò. Lánlọ́ọ̀dù tí ó ń gba owó ilé kò yẹ kí ó fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú èyí, nítorí pé ilé tí òkú ti jáde kì í tètè rí ayálégbé. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó máa ń dáwó fún gbígbé òkú lọ sílé yóò ṣe ohun tí ó dára jù bí wọ́n bá fi díẹ̀ nínú owó náà ra agogo tí ń ké bí kábọ̀n mọnọ́kísáìdì bá wọ yàrá. Kì í ṣe agogo tí ń gbọ́ èéfín iná nìkan, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Owó agogo kan kò lè tó owó pósí kan.

Ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀. Ìdí tí ẹ̀rọ fi wà ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni pé iná mànàmáná kò dúró, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ẹ̀rọ dínkù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná dúró. Títí dìgbà náà, ó yẹ kí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀, tí ń yẹ ṣalángá àti kòtò omi wò, máa yẹ ibi tí jẹnẹrétọ̀ dúró sí wò pẹ̀lú. Ó sì yẹ kí ìkìlọ̀ tí ó wà lára ẹ̀rọ jẹ́ ní èdè tí ẹni tí ń lò ó gbọ́. Ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní sí abẹ́ táńkì kò kìlọ̀ fún ìyá alákàrà tí Yorùbá nìkan ni ó lè kà, kò sì kìlọ̀ fún agbẹ́kànga tí Hausa nìkan ni ó gbọ́. Èdè tí wọ́n fi ta ẹ̀rọ fún ènìyàn ní ọjà ni ó yẹ kí wọ́n fi sọ ewu rẹ̀ fún un.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní alẹ́ òní, ní Sábón Gàrí Kánò tàbí ní àdúgbò kan ní Jọ́ọ̀sì, bàbá kan yóò fẹ́ fa okùn jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò fa imú ṣìn-ìn, kò ní gbọ́ òórùn kankan, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí ó balẹ̀. Kí ó gbé ẹ̀rọ náà kọjá ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí gbangba kí ó tó tàn án, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè jí ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ilé ní ọjọ́ tí àjò bá tó.